Yàrá Ìsàlẹ̀ Tí Màmá Kùn Dè Ọ́

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi, Ẹlẹ́rìn-ín-ẹ̀yẹ,

Ṣé ara rẹ ti mókun dáadáa? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ kò pa á lára? Ọmọ tuntun wa ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o fojú kan oorun? A kú ewu ọmọ o. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́. Ẹnu wọn nìkan ni kò sinmi.

O mọ̀ pé Màmá ti kun yàrá abẹ́ ilé tí wọ́n ti ń ránṣọ, pé ibẹ̀ ni ìwọ àti ọmọ máa sùn bí ẹ bá wá kí wa. Inú mi dùn, àmọ́ wọ́n ti sọ fún wa níbi iṣẹ́ nípa afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ rádọ́ọ̀nù. Inú ilẹ̀ ló ti ń wá, ibi tí sìmẹ́ǹtì bá ti sán ló ń gbà wọlé. Kò lóòórùn, ojú kò sì rí i, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń mí i símú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè dá jẹjẹrẹ sí i ní ẹ̀dọ̀fóró. Olójú jíńjìn, òkèèrè ló ti ń mẹ́kún sun. Mo pe ọkùnrin tó ń yẹ ilé wò. Ó gbé ẹ̀rọ kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà, tí kò ju àwo ọṣẹ lọ, kalẹ̀, ó ní ká ti fèrèsé pa, ká má sì fọwọ́ kan nǹkan náà.

Àfi Màmá! Bí mo bá ti jáde báyìí, wọn a ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, wọn a gbé ẹ̀rọ lọ sí pálọ̀ lókè. Wọ́n ní ẹrù tí àlejò fi sílé ẹni, a kì í gbé e jù sábẹ́ ilé. Kí n tó dé, wọn a ti dá a padà. Nígbà tí èsì jáde pé kò séwu, a jó, Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ pọn ọkùnrin náà. Ibi tí wọ́n ti ń yangàn pé ìtọ́jú àwọn ló mú un dáa ni àṣírí ti tú. Ó yẹ kí n bínú, ẹ̀rín ló gbé mi ṣubú.

A tún un yẹ̀ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá. Ohun tó jáde ju ibi tó yẹ lọ fíìfíì. Ọkùnrin náà ní kò kọjá àtúnṣe: wọ́n á dí ibi tó sán, wọ́n á ri páìpù tó ní fáànù sábẹ́ ilẹ̀, kó máa fa afẹ́fẹ́ náà jáde sókè òrùlé.

Màmá gbé aṣọ tí wọ́n ń rán kalẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ kò tíì sùn níbẹ̀ rí, àbí?" Mo ní rárá. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ń bá aṣọ wọn lọ.

Àbúrò mi, ẹ̀rù ń bà mí. Láti kékeré wa, yàrá yẹn ni Màmá ń jókòó sí. Àlejò ni wọ́n ń ṣí fèrèsé fún. Fún ara wọn, wọn kì í ṣí i, kí eruku má ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Wọ́n sì ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ́ eruku aṣọ lóòótọ́, bí wọ́n ṣe wí, àmọ́ dókítà ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní ara àwọn le koko.

Nítorí náà, má dúró de yàrá. Mo ti palẹ̀ tèmi lókè mọ́ fún yín. Bí ọmọ bá ti dé ọwọ́ Màmá, wọn ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni. Gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí o sọ pé dókítà fẹ́ rí i, ká jọ máa lọ. Tí a bá ti débẹ̀, kí wọ́n yẹ ìyá àgbà wò kí wọ́n tó yẹ ọmọ wò.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o gbá ọmọ mọ́ra fún mi. Tètè máa bọ̀, jàre. Ìyá kan ṣoṣo la ní.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ dénú,

Àǹtí Alátẹnumọ́