'Eg' Ni Mo Bí, Mi Ò Bí 'Jeg'

Synneva ọmọ mi,

Mo kí ọ o, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni ìwé yìí tẹ̀. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé òtútù Oslo kò mú ọ jù? Kí Olúwa má jẹ́ kí yìnyín yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí aṣebi rí ọ gbé ṣe. Àwa náà wà níbí. Orúnkún ṣì ń dun ìyá rẹ, yìnyín ti wó igun kan lára òrùlé ilé àgùntàn, àgbò tó kàn ọ́ sínú odò nígbà tí o wà ní kékeré sì ti kú. Mo dárúkọ àgbò kí o lè mọ̀ pé èmi gan-an ni mò ń kọ̀wé, nítorí ayé ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé sórí fóònù mi pẹ̀lú orúkọ rẹ. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Wilhelmsrud fún òun ní F nínú ìdánwò ìtàn, pé òun fìdí rẹmi, òun kò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹjọ́, òun ń fi yunifásítì sílẹ̀ bọ̀ wálé. Bí mo ṣe kà á, mo mọ̀ pé ìwọ kọ́, olè ló gba fóònù rẹ. 'Jeg' ló kọ síbẹ̀. Nínú ilé yìí, láti ayé bàbá bàbá mi, 'eg' là ń pe 'èmi', àwọn ará Oslo ló ń kọ 'jeg'. Mi ò dá a lóhùn. Mo ti fóònù mọ́ inú agolo bísíkíìtì, mo gbé bàtà oko lé e, kí olè náà má baà gbọ́ ohun tí èmi àti ìyá rẹ ń sọ. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá, o sì mọ bí olè ṣe fi fóònù gba owó lọ́wọ́ Gudveig oníṣọ́ọ̀bù.

Gudveig yìí náà ni mo lọ fọ̀rọ̀ lọ̀. Ó ní Anfinn, èló ni olè yẹn ní kí o san? Mo ní kò béèrè nǹkan kan. Ó ní olè wo ló ń jí fóònù tí kì í béèrè owó, ó ní kí n lọ yọ fóònù nínú agolo kíá, ọmọ mi ló ń sunkún níbẹ̀. Ojú tì mí, ọmọ mi, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni mo wá ń fura sí báyìí. Nígbà Kérésìmesì o sọ fún wa pé ó máa ń ka iṣẹ́ rẹ sókè láti fi sín ọ jẹ, pé ó bi ọ́ bóyá ewúrẹ́ ló kọ́ ọ ní ìwé kíkọ. O ní kò séwu, nọ́ńbà lẹ ń kọ sórí ìwé ìdánwò, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ni ín. Nọ́ńbà kẹ̀! Àwọn àgùntàn mi náà ní nọ́ńbà létí, ìjọba ló ní kí n fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan ké nínú kùrukùru, mo ti mọ èyí tó jẹ́. Ẹni mélòó ló ń kọ 'eg' nínú kíláàsì yín? O sọ fún mi pé ìwọ nìkan ni. Ṣé o ti wá rí i báyìí pé 'eg' ló fi dá ọ mọ̀?

Gudveig ní òfin gbà ọ́ láyè láti kọ 'eg', pé o lè pe ẹjọ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí ni yóò tún ìwé náà kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún ọ, ọ̀kan sì ti lọ. Mi ò fọkàn tán àwọn náà o, bóyá inú kẹ́tùlù kan náà ni wọ́n ti jọ ń bu kọfí. Síbẹ̀, pe ẹjọ́ náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

F yẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọkùnrin yẹn bá ọ dé orí fóònù, tí o fi ń kọ 'jeg' sí èmi bàbá rẹ bí ẹni tó ń kọ̀wé sí òun.

Itan àgùntàn gbígbẹ àti ìbọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ hun wà nínú ẹrù yìí. Bí o bá rí owó díẹ̀ níbi iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún páànù òrùlé, ṣùgbọ́n inú àpòòwé ni kí o fi sí, mi ò mọ ibi tí owó máa ń sùn nínú fóònù kó tó débí. Ọlọ́run yóò gbé ẹni tí yóò jà fún ọ dìde, bí kò bá tilẹ̀ tíì rí ẹnì kan, kí ó fún ìwọ fúnra rẹ lágbára.

Mo ti yọ fóònù kúrò nínú agolo. Ó wà lórí tábìlì, ìyá rẹ jókòó tì í. Kọ̀wé sí wa, kò pọn dandan kó gùn, kí a ṣáà rí i pé ìwọ ni.

Eg, bàbá rẹ,
Anfinn