Ọ̀rọ̀ Látìnì fún Sàréè Nazzareno

Àìkú, 18 Ọ̀wàrà
Fiammetta bí ọkùnrin: Elpidio, kílò mẹ́ta ààbọ̀. Settimio gbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, kò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ìyá àgbà wọn ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin!

Ovidio àkọ́bí mi wá jẹun. Ó fẹ́ kí n fowó mi ra màábù fún sàréè Nazzareno ọkọ mi, bàbá rẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ PIETAS sí i. Mo bi í pé kí ló túmọ̀ sí. "Màámi, Látìnì ni. Ó máa gbayì."

Ọjọ́rú, 21
Kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwa àgbà. Mo béèrè ọ̀rọ̀ Ovidio. Tíṣà Olinda kọ ọ́ sójú pátákó: pietas, pietatis, pietati — ọ̀rọ̀ kan náà, ìrù rẹ̀ ló ń yí bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti yí. Ó ní ara pius ló ti yọ, ẹni tó mọ ojúṣe rẹ̀. Lẹ́nu tiwa ará Ítálì ó ti di àánú. Lẹ́nu àwọn ará ìgbàanì: "Ojúṣe, Màmá. Sí Ọlọ́run, sí ìlú, sí òbí tó bíni."

Òbí tó bíni!

Ọjọ́bọ̀, 22
Ìríra. Domitilla, ìyá Nazzareno — ọdún méjì ló fi sùn nínú ilé adìyẹ, torí ọmọ rẹ̀ ní òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí òun jẹun. Polenta tútù, ẹ̀kọ àgbàdo, nínú àwo páànù. Èmi ni mo ń gbé e lọ. Mo máa ń di imú.

Mi ò sọ fún ọmọ kankan rí.

Àìkú, 25
Mo gbé oúnjẹ mi padà sínú ìkòkò.

Ajé, 2 Bélú
Ọjọ́ Òkú. Òdòdó lọ́wọ́ gbogbo wa. Ìwé kan wà lára géètì ìtẹ́ òkú. Mo kà á fúnra mi, ìka lórí lẹ́tà. Wọn yóò hú egungun àwọn tí ọdún wọn ti pé nínú ilẹ̀. Èyí tí ẹbí rẹ̀ kò bá sanwó àyè fún nínú ògiri tí wọ́n ń tọ́jú egungun sí, kòtò gbogbogbòò ni. Orúkọ kẹsàn-án: Domitilla.

Ovidio ní, "Ẹ fi egungun yẹn sílẹ̀ jàre, Màámi. Ta ló tún rántí ẹ̀?" Ó ń tu èèpo èso sísun sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, lórí sàréè bàbá rẹ̀. Ilé adìyẹ. Àwo páànù. Imú mi. Ó ní, "Ẹ rọra, èèyàn ń gbọ́." Ohùn Nazzareno gan-an.

Ọjọ́bọ̀, 5
Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìlú, ẹnikẹ́ni ò bá mi kọ ọ́. Àyè kan nínú ògiri fún Domitilla, orúkọ rẹ̀ nìkan. Kò sí Látìnì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tọ́ sí Nazzareno, kò sì tíì tọ́ sí èmi náà. Owó màábù ni mo fi ránṣẹ́: irinwó yúrò ó lé ogún.