Ẹni Tó Jókòó Sílé Náà Ń Ṣiṣẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá lórí àwa olùgbọ́ ètò rédíò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ pè mí ní Jókòó-Sílé, torí orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń pè mí nìyẹn.

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan tó wà lókèèrè. Nígbà tí mo dé ìlú àjèjì yìí, àdúgbò tó dákẹ́ ni mo fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá gbé ní òpópónà tòun, pé ẹni tó ní ẹbí nítòsí kì í ṣe àlejò. Mo gbọ́ tirẹ̀, mo gbalé síbẹ̀, mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá wọ bàtà jáde láàárọ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá ti ń lọ síbi iṣẹ́, á kó àwọn ọmọ rẹ̀ sí mi lọ́rùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ bá gbé póò tó fi ń yàgbẹ́ wọlé, tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀, pé kí ọ̀gá wá wò ó. Mo fẹjọ́ sun ìyá rẹ̀. Ó ní, “Ṣebí kọ̀ǹpútà lásán lo ń wò.”

Ni mo bá wá ilé oníyàrá méjì sí òdìkejì ìlú. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ wò ó, kó má baà sọ pé mo ń sá fóun. Ó wo ibẹ̀ yíká, ó ní, “Ó dáa. Yàrá kejì á gba bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ.”

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Olóòtú, ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí nígbà tó bá wà níbi iṣẹ́. Tó bá ti dé, orí àga mi ló ti ń gbọ́ ètò yín.