Agbádá Bàbá Nínú Kọ̀ǹpútà Mi Àtijọ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Láti Ifangni níbí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ìyàwó wọn, mo kí gbogbo agboolé wa ní Ṣábẹ̀. Ara mi le, ṣùgbọ́n ara mi ń rí mi lára. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, kí àwọn ayàwòrán bíi tèmi lè gbọ́.

Kọ̀ǹpútà mi ti kú, èyí tí Bàbá fi owó iṣu rà fún mi kí n tó kúrò nílé. Òjò ibí kò dà bíi ti Ṣábẹ̀, ọ̀rinrin rẹ̀ ń ba gbogbo nǹkan jẹ́. Nígbà tí alátùn-únṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀, òórùn tó jáde lé àwa méjèèjì sẹ́yìn. Aáyán ti yé sínú rẹ̀, ìgbẹ́ wọn kún ibẹ̀, ọmọńlé kan sì ti gbẹ mọ́ ara fáànù. Ẹ̀gbẹ́ nǹkan yìí ni mo ti ń jẹ ẹ̀kọ láti ọjọ́ yìí.

Ẹ ti ń bi mí léèrè fọ́tò Bàbá láti ìgbà tí a ti sin wọ́n. Wọn kì í gbà kí a ya wọ́n, káàdì ìdánimọ̀ wọn sì ti bá ahéré oko jóná. Ẹyọ kan tí mo yà lọ́jọ́ tí wọ́n wọ agbádá funfun ló kù, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló sì wà. Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la. Òkú olókùú ni mo ń tẹ̀ jáde, n kò tẹ bàbá tó bí mi.

Ẹ kò mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. Tí àgbàlagbà bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á mú fọ́tò káàdì rẹ̀ wá, wọ́n á ní kí n fi kọ̀ǹpútà wọ̀ ọ́ láṣọ iyì, kí n fi í jókòó bí ẹni ńlá, kí àwọn lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Orí nìkan ni wọ́n ń mú wá, èmi ni mo ń wá ara. Agbádá Bàbá inú fọ́tò yẹn ni mo máa ń lò. Ọrùn Bàbá ni mo gbé orí àwọn ará Daagbé, ti Lagbé àti ti Ko-Koumolou lé.

Alátùn-únṣe ní ó ti fini, pé ó ti parí, ṣùgbọ́n ó yọ díìsìkì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ṣí. Mo dúpẹ́. Mo wá ibi tí mo kọ “Bàbá” sí. Agbádá yọ, ọwọ́ Bàbá wà lórí orúnkún wọn, àmọ́ orí elépo kan ará Lagbé ló wà lọ́rùn wọn. Mo ti fi iṣẹ́ oníbàárà pamọ́ lé ti Bàbá lórí, kò sì sí òmíràn. Àfọwọ́fà ni. Kọ̀ǹpútà tí mo ti ń bú láti àárọ̀ kò purọ́, ohun tí mo fún un ló dá padà.

Mo lọ jẹ́wọ́ ní Lagbé. Àwọn ọmọ elépo náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n nawọ́ sí fọ́tò bàbá wọn tí mo ṣe, wọ́n ní kí n wo ìka ìkẹ́yìn tó wọ́ yẹn, pé láti kékeré ni ìka bàbá àwọn ti rí bẹ́ẹ̀. Ìka Bàbá mi ni. Ìjẹ́wọ́ tí mo gbé lọ ni mo gbé bọ̀. Mo kí wọn, mo padà sílé, n kò sì ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Mo wá ṣe èyí tó burú jù. Ẹ máa ń sọ pé mo jọ Bàbá. Mo ya ojú ara mi, mo sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun, mo fi kọ̀ǹpútà tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gbé e lé ọrùn agbádá náà. Ó bá a mu. Ẹ̀yin gan-an lè má mọ̀. Bó ṣe bá a mu yẹn kó mi nírìíra ju aáyán lọ. Mo pa á rẹ́.

Mo nu kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà mọ́ kí n tó gbé e fún àwọn tó ń ra irin. Ó tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ kò ní orí, mo gé e ní ọrùn. Ẹ wo ìka yẹn. Ẹ̀yin lẹ fi aṣọ dì í lọ́jọ́ tí àdá gé wọn lóko, ẹ óò mọ̀ ọ́n.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa pẹ́ títí. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni ojú Bàbá kù sí.

Èmi ni ọmọ yín, ayàwòrán.