Ọ̀já Lọ́wọ́, Kò Sọ́mọ Lẹ́yìn

Màámi,

Mo kí yín, mo kí ará Ṣakí. Bùọ̀dá Hakeem ní ẹ rí fọ́tò tí wọ́n yà mí ní oríta Mayfair níbí lórí fóònù, pé ẹ̀ ń sunkún, ẹ fẹ́ wá kó mi wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọkọ̀.

Lóòótọ́ ni mo dá jókòó, tí ọ̀já wà lọ́wọ́ mi, tí kò sọ́mọ lẹ́yìn mi. Aminah wà lọ́dọ̀ Ìyá Àtọ́kẹ́, ará ilé wa ní Òkèrèwè. Àwọn ló lé mi jáde: "Ìyàwó, lọ gba atẹ́gùn! Àtàárọ̀ lo ti ń wo imú ọmọ bóyá ó ń mí. Ṣé ìwọ lò ń bá a mí ni?"

Mo jókòó, mo jẹ gúgúrú, n ò ro nǹkan kan. Arákùnrin tó yà mí fi hàn mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n pa á rẹ́?" Mo wo ojú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Bàbá Aminah ò tíì ti ìrìn àjò iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ara wa le.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tẹ́ ẹ bá sì máa wá náà, ẹ wá bá mi gbọ́mọ, kí n tún lọ jókòó.

Èmi ọmọ yín,
Ìyá Aminah