Ikú Gaston ní Avéa

Avéa, Libreville,
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Olúkẹ́mi,

Ẹ kú ọmọ títọ́jú, ẹ sì kú ìtọ́jú ìyá wa. Mo nírètí pé ooru Abẹ́òkúta kò mú ọmọ tuntun ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ara ẹ̀yin náà ti ń mókun. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún yín pé Gaston ti fi ayé sílẹ̀. Gaston, ọmọ Avéa, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ ohùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Àkùkọ Pásítọ̀ Akíntọ́lá ni mò ń wí. Ó dàwátì láti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì kéde ikú rẹ̀ nínú ìjọ wa lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn orin àkọ́kọ́. Ìyá kan sunkún. Nígbà tí ọkọ ìyá yẹn kú, ojú rẹ̀ gbẹ.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe Gaston lẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ ní kí n máa kọ̀wé sí yín nípa Merveille, idì tí ẹ gbà lọ́wọ́ ọdẹ nígbà tí kò tíì hu ìyẹ́, tí ẹ fi ẹja bọ́ fún ọdún méjì, tí ẹ sì bẹ̀ mí pé kí n máa bá yín ṣọ́ títí ẹ ó fi dé. Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo bá yín kiri ojúlé nítorí iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹyẹ tí ẹ̀ ń ṣe, tí à ń béèrè bóyá àwọn ènìyàn fẹ́ kí idì padà sí etíkun Libreville? Kò sẹ́ni tó ní rárá. Màmá Marie-Thérèse, aládùúgbò wa, kàn béèrè ní Faransé pé, "Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?" Nígbà tí ẹ ní wọn kì í jẹ ẹ́, ó ní kò burú, kó ṣáà máa bọ̀. Pásítọ̀ ní tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ yín. Ó nawọ́ sí pátákó ìjọ, níbi tí wọ́n ya idì ńlá sí, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: IDÌ NI WÁ, A KÌ Í BÁ ADÌẸ JẸUN. Ó ní, "Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti dá ìjọ yìí sílẹ̀ ni mo ti ń retí rẹ̀." Inú yín dùn títí a fi délé.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ bímọ nílé, ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, Norbert, tú Merveille sílẹ̀ ní etíkun Okala. Ó fò dáadáa, Àǹtí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ó ń yí lókè omi, orí rẹ̀ funfun bí òwú. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ búrẹ́dì onísàdíìnì tí iléeṣẹ́ yín pín. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹja ló ń pa, kò bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú tí mo wí yẹn, bí a ṣe ń kọrin pé idì ni wá, ó wá bà lórí pátákó ìjọ. Bóyá ó rí idì tí wọ́n yà síbẹ̀, ó rò pé òun ti rí ẹbí. Gbogbo wa tú jáde. Àwọn kan ń ké halelúyà, àwọn kan wólẹ̀. Àfi bí Díákónì Marcellin ṣe rántí pé a ò rí òkú Gaston.

Ó ní, "Ẹ wo orí rẹ̀. Ṣé ẹyẹ máa ń hewú ni? Ìyá àgbà kan ló wà nínú ẹ̀." Gbogbo ojú bá yí sí Màmá Marie-Thérèse, tí orí tirẹ̀ náà funfun. Kíá ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú òkúta, kí wọ́n má baà mú òun. Mo ní ẹja ló ń jẹ, mo ní ẹ wo òrùka lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ ọ. Díákónì ní, "Akọ̀wé tó ka poli, o kú ìmọ̀ o! Ṣé àwọn àjẹ́ ti gbà ọ́ ní lọ́yà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí Pásítọ̀. Ó wo pátákó rẹ̀ títí, ó ní, "Idì tiwa, ti ẹ̀mí ni. Èyí, ti ara ni."

Kò fò lọ. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé bí ènìyàn bá ju nǹkan sókè, oúnjẹ ni. Nígbà tí òkúta àkọ́kọ́ lọ, ó na ẹsẹ̀ láti hán an.

N kò ní kọ ìyókù. Pátákó náà fọ́ díẹ̀ lápá kan, wọ́n sì ti pe ayàwòrán kó wá tún idì yẹn yà.

Ọ̀gá yín sọ fún mi lórí fóònù pé kò séwu, òun yóò kọ ọ́ sínú ìròyìn òun pé ẹyẹ náà ti dé àárín àwùjọ, àti pé tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà á. Kò parọ́. Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Mo sin ín sí Okala, níbi tó ti kọ́kọ́ fò. Òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí, mo ti fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tún máa tọ́ òmíràn, Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ kó máa sá fún wa.

Kí Ọlọ́run bá yín wo ọmọ náà dàgbà. Kí ìyá wa jẹun ọmọ pẹ́. Kó jẹ́ pé oúnjẹ ni gbogbo ohun tí ayé bá jù sí ọmọ yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ṣọ́ ẹyẹ,
Ọláolúwa

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé pa kí n tó rí ìwé kan lára ilẹ̀kùn ìjọ láàárọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ. Inú ìgbìmọ̀ ìjọ dùn láti fi tó gbogbo ọmọ ìjọ létí pé Gaston ti padà sílé láàyè àti ní àlàáfíà, láti ẹ̀yìnkùlé Màmá Marie-Thérèse, níbi tó ti lọ kí àwọn àgbébọ̀ rẹ̀. Ìsìn ìdúpẹ́ yóò wáyé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Àkòrí: Idì Ni Wá. Kí oníkálukú wọ ẹ̀wù ìjọ tó ní àwòrán idì. Lẹ́yìn ìsìn, ìrẹsì àti adìẹ yóò wà fún tọmọdé tàgbà. Gaston kò sí lára àwọn adìẹ tí a ó sè.