Àpótí Iná Màmá Emùré

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Kánádà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá dọ̀bálẹ̀ síta lónìí, yìnyín ni yóò bò mí. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Délé, àbúrò mi, o kú iṣẹ́.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ yàrá mọ́ ilé fún àna níbí, èmi ni wọ́n ń pè láti sọ bí àpótí iná ibẹ̀, èyí tí bíréékà máa ń wà nínú rẹ̀, ṣe máa tóbi tó. Mo máa ń ka gbogbo ohun tó ń jẹ iná, mo sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, mo ṣe bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rí.

Ẹ rántí bí ọkàn Bùnmi ìyàwó mi kò ṣe balẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń dá gbé ní Emùré, tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè dé oko kòkó mọ́. Ẹ̀yin lẹ ní kí a kọ́ yàrá àti pálọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilé fún wọn. Màmá gbà, àmọ́ wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá di ẹrù sí àna lọ́rùn ni àwọn á padà sí Emùré.

Mo bi wọ́n lórí fóònù pé kí ni wọ́n máa lò. Wọ́n ní gílóòbù kan àti fáànù kan ti tó àwọn. Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀! Èmi tí mo mọ̀ pé ìyá ìyàwó kì í jẹun yó nílé àna, mo gbà wọ́n gbọ́. Àpótí kékeré oní-bíréékà méjì ni mo ní kí oníná fi síbẹ̀, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín.

Oṣù kejì tí wọ́n kó dé lẹ pè mí, tí ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ tán. Ẹ ní firísà tí Màmá fi ń ta ẹja ní Emùré wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, aṣọ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n tàn án lẹ́ẹ̀kan, bíréékà já wálẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ di kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, tí àárò ilé sì sọ mí, nínú mọ́tò níwájú ilé oníbàárà.

Délé kò wá bi Màmá ní ìbéèrè kankan, ẹrù wọn ló kà: firísà, kẹ́tù, áyọ́ọ̀nù, tẹlifíṣọ̀n, blẹ́ńdà. Mo ṣírò gbogbo rẹ̀, mo rí i pé àpótí ńlá ilé wa lè gbé e. Ẹ̀yin náà lẹ dúró ti oníná tó fi parí rẹ̀: wáyà tó sanra, àpótí oní-bíréékà mẹ́jọ, firísà ní bíréékà tirẹ̀, kẹ́tù ní tirẹ̀, àyè méjì sì ṣófo.

Lánàá, Màmá pè mí fúnra wọn. Wọ́n súre, wọ́n ní ẹja ti dì. Ni wọ́n bá rẹ ohùn sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ pé àwọn ń padà sí Emùré ni. Wọ́n ní kí n má bínú, ṣé mo lè fi sókẹ́ẹ̀tì kan sí i fún àwọn, àwọn fẹ́ gbé firísà kejì wá, kí àwọn lè máa ta omi tútù fáwọn ọmọ ilé ìwé.

Bàbá mi, mo fò sókè nínú yìnyín. Màmá ti tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi! Ẹ bá mi sọ fún oníná kó lo ọ̀kan nínú àyè méjì yẹn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn aládùúgbò. Bí òùngbẹ bá sì gbẹ yín, ẹ ra omi lọ́wọ́ Màmá, ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í ṣe àlejò mọ́, onílé ni wọ́n.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé